Yíyan Ọ̀dà fún Ère Sójà Kékeré: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó ń kun ère sójà la kọ èyí fún, ì báà jẹ́ sójà oníke tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, ì báà jẹ́ èyí tí agbẹ́gilére gbẹ́ ní Ìsẹ̀ tàbí Ìkẹ́rẹ́. Ohun kan la dúró lé: orúkọ tó wà lára ìgò ọ̀dà kọ́ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, aṣọ ni. Kí ni wọ́n fi hun ún? Kí ni wọ́n fi pa á láró? Ó ti pẹ́ tó lára ẹni tó wọ̀ ọ́? Báwo ni ère náà sì ṣe ga tó? Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọ̀ tí ẹ ń wá kò jìnnà mọ́.

Mo ra ọ̀dà tí wọ́n kọ "khaki" sí lára, síbẹ̀ aṣọ sójà mi kò jọ kákí. Kí ló fà á?

Kákí kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní apá ìparí àwọn ọdún 1840, aṣọ òwú tí wọ́n pa láró kó lè jọ eruku ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá sọ ọ́ di aṣọ iṣẹ́ àwọn sójà wọn ní 1902, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun èyí tí wọ́n ń wọ̀ ní ilẹ̀ òtútù. Ìyẹn ṣókùnkùn, ó jọ ẹrẹ̀ tí àwọ̀ ewé díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, kákí dírìlì, òwú ni. Ó mọ́lẹ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ, ó ní yẹ́lò nínú, ó sì máa ń ṣí bí wọ́n bá ṣe ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n ń sá a sóòrùn. Ti Amẹ́ríkà tún fi àwọ̀ ewé jọ ju méjèèjì lọ.

Nínú ọ̀dà Vallejo, ẹ fi nọ́ńbà 70.921 bẹ̀rẹ̀ fún ti onírun àgùntàn. Fún dírìlì, ẹ po ẹ̀kán mẹ́ta 70.988 mọ́ ẹ̀kán kan 70.976. Bí ẹ kò bá rí wọn rà, ọ̀dà ákírílìkì inú túùbù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò yóò ṣe é: ìwọ̀n mẹ́rin yẹ́lò tó jọ amọ̀, mẹ́ta funfun, ọ̀kan búráùn tó ṣókùnkùn. Ẹ má fi dúdú sí i láti mú un ṣókùnkùn. Dúdú nínú yẹ́lò máa ń di àwọ̀ ewé, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ kákí ti ń bàjẹ́.

Irú aṣọ wo ni kí n kùn fún àwọn sójà WAFF ayé àtijọ́?

WAFF (West African Frontier Force) ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lugard, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ ní 1897, ìgbà tó di 1928 ni wọ́n fi "Royal" kún orúkọ rẹ̀. Aṣọ ayẹyẹ wọn ni fìlà fẹ́ẹ̀sì pupa, ẹ̀wù pupa kékeré tí wọ́n fi okùn yẹ́lò yí etí rẹ̀ ká, ọ̀já pupa ní ìbàdí, pẹ̀lú ṣòkòtò kákí. Àwọn tó ń yin àgbá ńlá wọ ẹ̀wù búlúù ní tiwọn. Lọ́jọ́ iṣẹ́, kákí dírìlì ni, pẹ̀lú fìlà pupa àti ọ̀já pupa yẹn náà. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn dáadáa nínú fọ́tò kí ẹ tó kun bàtà, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ìgbà àkọ́kọ́ ló ń rìn láìwọ bàtà.

Ohun tó ń ba ère WAFF jẹ́ jù ni kí ẹ fi pupa kan náà kun fìlà, ẹ̀wù àti ọ̀já. Gbogbo rẹ̀ á kàn di bàtàbàtà pupa kan. Fìlà náà, irun àgùntàn tí wọ́n kì pọ̀ ni, kì í dán, ó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ mì; ẹ fi ẹ̀kán kan búráùn sínú ẹ̀kán mẹ́rin pupa 70.957. Ẹ fi pupa náà fúnra rẹ̀ kun ẹ̀wù. Fún ọ̀já, ẹ fi àwọ̀ ọsàn díẹ̀ sí i, kí ìṣẹ́po rẹ̀ lè hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà búráùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí ẹ̀wù àti ọ̀já ti pàdé. Okùn yẹ́lò etí ẹ̀wù kò gbọdọ̀ bọ́ sórí pupa tààrà, torí àwọ̀ ọsàn ni yóò dà. Àwọ̀ amọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, kí yẹ́lò wá gùn ún.

Àwọn tó lọ jà ní Burma nígbà ogun àgbáyé kejì ńkọ́? Kákí náà ni?

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Díífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti bírígéèdì kẹta tó bá àwọn Chindit (ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà lẹ́yìn ọ̀tá) wọ inú igbó ní 1944, aṣọ àwọ̀ ewé inú igbó ni wọ́n wọ̀. Bàbá tàbí bàbá àgbà ọ̀pọ̀ èèyàn wà nínú wọn, nítorí náà ó yẹ kí á kun àwọ̀ wọn bó ṣe rí gan-an. Ìwọ̀n márùn-ún àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, méjì àwọ̀ amọ̀, ọ̀kan funfun: ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ yìí ń ṣí kíákíá nínú òjò àti oòrùn, nítorí náà ẹ fi funfun àti amọ̀ díẹ̀ kún un fún èjìká, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ jẹ́ kí abẹ́ abíyá àti ẹ̀yìn ṣókùnkùn bíi pé òógùn ti rin ín. Bẹ́líìtì àti àpò ọta kò gbọdọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà pẹ̀lú aṣọ. Ẹ jẹ́ kó sún mọ́ kákí. Fìlà wọn ni èyí tí etí rẹ̀ gbòòrò tí wọ́n ká apá kan rẹ̀ sókè, búráùn tó ti ṣí.

Àmì Díífíṣọ̀n 81 ni aláǹtakùn dúdú lórí òbìrí yẹ́lò. Lára ère tó ga ní mìlímítà 54, ẹ lè fi ṣóńṣó igi ìtayín fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Lára èyí tí kò ju mìlímítà 25 lọ, ẹ kán tóótó dúdú sórí tóótó yẹ́lò, ó tó. Ojú tó ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán á parí ìyókù fúnra rẹ̀.

Ṣé àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ ní yunifọ́ọ̀mù?

Wọn kò ní. Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù fún wa níbí, torí ọ̀pọ̀ ère ogun Kírìjì tí à ń rí, ńṣe ni wọ́n kun gbogbo jagunjagun ní búráùn kan náà bí ọmọ ilé ìwé. Ogun náà fẹ́ láti 1877 dé 1893. Ìlú tó para pọ̀ sínú ẹgbẹ́ ogun yẹn pọ̀, olúkúlùkù sì gbé aṣọ tirẹ̀ wá láti ilé. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé aṣọ tí wọ́n hun nílé ni, ohun tí wọ́n sì fi pa á láró kò ju mélòó kan lọ.

Ẹ fi kíjìpá tí a kò pa láró bẹ̀rẹ̀. Òwú funfun ni, ṣùgbọ́n kì í funfun bíi bébà. Àwọ̀ ọ̀rá ni, ó sì ti dọ̀tí. Ẹ po ẹ̀kán mẹ́rin funfun mọ́ ọ̀kan 70.976, kí ẹ fi búráùn tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ sí ojú ìṣẹ́po. Lẹ́yìn náà ni aró. Ewé ẹ̀lú ló ń mú búlúù wá, iye ìgbà tí wọ́n bá sì rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró ló ń sọ bó ṣe máa jinlẹ̀ tó. Nítorí náà ẹ má po búlúù kan fún gbogbo wọn. Ẹ po mẹ́ta: èyí tó ti ṣí tán (70.899 pẹ̀lú funfun àti àwọ̀ eérú, ìwọ̀n kan náà), ti àárín (ẹ̀kán mẹ́ta 70.899 sí ọ̀kan funfun), àti èyí tó jinlẹ̀ bí ẹtù (70.899 pẹ̀lú búráùn díẹ̀ péré). Búráùn ni, kì í ṣe dúdú: dúdú máa ń pa aró kú, kò ní jọ aṣọ mọ́.

Bí ẹ bá ní ogún jagunjagun láti kùn, ìpín tó máa ń dára lójú wa ni kí mẹ́jọ wọ kíjìpá tó dọ̀tí, kí méje wọ aró ti àárín tàbí èyí tó ṣí, kí mẹ́ta wọ aró tó jinlẹ̀. Àwọn méjì tó kù ni ẹ lè fún ní àlàárì tàbí sányán, kí ẹ fi wọ́n ṣe olórí ogun. Bí pupa àlàárì bá pọ̀ lórí pátákó, ojú kò ní rí ẹlòmíì mọ́. Ẹ̀wù ogun tí wọ́n rán oògùn mọ́ lára ní tirẹ̀ jẹ́ awọ, òwú àti okùn lórí ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ kun gbogbo rẹ̀ ní búráùn tó ṣókùnkùn, kí ẹ tó wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fọwọ́ kan orí oǹdè kọ̀ọ̀kan, awọ kan pupa díẹ̀, òmíràn bí amọ̀.

Ìbọn wọn náà yàtọ̀ síra. Àwọn kan gbé ṣakabùlà tí igi rẹ̀ ti dúdú fún èéfín àti òróró ọwọ́. Àwọn mìíràn gbé ìbọn Snider tí ọta rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn wọlé, èyí tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá wọn wá. Igi tirẹ̀ pọ́n díẹ̀, irin rẹ̀ sì ń dán. Ní ìparí, ẹ fi eruku ilẹ̀ wa sí etí aṣọ àti ẹsẹ̀: àwọ̀ amọ̀ méjì, búráùn pupa kan, lórí búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti nù gbẹ.

Báwo ni kí n ṣe kun ara ènìyàn dúdú kó má baà rí bí eérú?

Funfun tí ẹ ń fi sínú búráùn láti mú un mọ́lẹ̀ ló ń fa eérú yẹn. Ara á wá dà bíi ti ẹni tí ọyẹ́ mú tí kò fi òróró para. Ẹ fi búráùn tó ṣókùnkùn pẹ̀lú pupa díẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, mẹ́rin sí ọ̀kan. Fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà (iwájú orí, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjìká), àwọ̀ ọsàn tàbí amọ̀ ni kí ẹ fi kún un, díẹ̀díẹ̀, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Fún ibi tó kòtò, ẹ fi búlúù tó ṣókùnkùn sínú ìpìlẹ̀ yẹn. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, ètè ìsàlẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé ara gbogbo wa kò dúdú bákan náà: ẹ po ìpìlẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta fún ẹgbẹ́ sójà kan.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì aláṣọ pupa: ṣé pupa kan náà ni ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ wọ̀?

Kì í ṣe ọ̀kan náà, ó kéré tán títí di nǹkan bí ọdún 1870. Gbòǹgbò ewéko kan tí wọ́n ń pè ní madder ni wọ́n fi pa aṣọ àwọn sójà lásán láró, ó sì máa ń mú pupa tó jọ bíríkì wá. Ti ọ̀gá, kòkòrò kóṣínì ni wọ́n fi ṣe é, ó sì pọ́n yòò. Bí ẹ bá kun wọn bákan náà, ẹ ti pa ìyàtọ̀ ipò wọn rẹ́. Pupa 70.957 pẹ̀lú búráùn díẹ̀ fún sójà lásán; 70.817 fún ọ̀gá.

Ti Faransé ayé Napoleon jẹ́ búlúù aró tó jinlẹ̀. Ní 1914 wọ́n ṣì wọ ṣòkòtò pupa lọ sógun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí búlúù tó ṣí. Ti Jámánì nígbà náà jẹ́ àwọ̀ eérú tó ní ewé nínú, nọ́ńbà 70.830 dára fún ti ogun àgbáyé kejì.

Mo mú ọ̀dà tó bá aṣọ gidi mu láìyẹ̀, síbẹ̀ ó dúdú jù lára ère. Kí ló dé?

Ère kékeré kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó bí ènìyàn ṣe ń gbà á. Bí ẹ bá wo ọkùnrin kan láti ọ̀nà jíjìn, afẹ́fẹ́ àárín yín ti mú àwọ̀ aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ère tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ó jọ ọkùnrin ọ̀nà jíjìn yẹn. Fún ère mìlímítà 54, ẹ fi ẹ̀kán kan àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sínú mẹ́wàá. Fún mìlímítà 28, ẹ̀kán méjì. Fún èyí tó kéré sí i, mẹ́ta. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni ìwọ̀n yìí, ojú yín ni yóò parí rẹ̀. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ yẹn kì í ṣe funfun nígbà gbogbo: amọ̀ fún kákí àti àwọ̀ ewé, ọsàn fún pupa (funfun á sọ ọ́ di píńkì), eérú fún búlúù.

Òfin yìí kan náà ni ẹ ó fi mú bàtà dúdú àti bẹ́líìtì funfun. Dúdú gan-an àti funfun gan-an kò sí lára ère kékeré. Ẹ fi eérú tó ṣókùnkùn kun bàtà, kí ẹ fi dúdú sí abẹ́ rẹ̀ nìkan. Ẹ fi àwọ̀ ọ̀rá kun bẹ́líìtì, kí funfun wà létí rẹ̀ nìkan.

Lábẹ́ iná wo ló yẹ kí n ti máa yan àwọ̀?

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi òjìji, láàárín aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n máa ń jẹ́ kí kákí àti àwọ̀ amọ̀ jọ ara wọn, ó sì máa ń sọ búlúù di dúdú. Bí ẹ bá po àwọ̀ lálẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ mọ́ tán ni ẹ ó rí i pé ẹ ti ṣe nǹkan mìíràn. Bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ni ẹ ráyè, ẹ ra gílóòbù LED tí wọ́n kọ 5000K sí 6500K sí lára, kí ẹ máa lo òun nìkan. Iná NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀ kò ní yàtọ̀ lójú àwọ̀ bó bá jẹ́ gílóòbù kan náà ni.

Ọ̀dà wo ni mo lè rí rà ní Adó? Ṣé ọ̀dà ilé kò lè ṣe é?

Ọ̀dà ilé nípọn jù, àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú tó kúnná. Yóò dí ojú àti bọ́tìnnì ère. Póstà kọ́lọ̀ máa ń lẹ̀ dáadáa lórí páálí, ṣùgbọ́n omi díẹ̀ báyìí, ó ti ṣí lára ike. Ákírílìkì inú túùbù tó wà ní ilé ìtàwé dára. Ẹ fi omi díẹ̀díẹ̀ pò ó títí yóò fi dà bíi mílíìkì, kí ẹ sì kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó nípọn. Vallejo, Tamiya àti Humbrol, láti Èkó tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti béèrè. Ti Tamiya, ọtí ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi omi lásán nìkan pò ó. Humbrol inú agolo mìlílítà 14 jẹ́ ọ̀dà olóróró: tínà ni ẹ ó fi fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, yóò sì gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó gbẹ.

Bí owó kò bá tó nǹkan, ẹ ra mẹ́jọ péré: funfun, dúdú, pupa, búlúù aró, yẹ́lò, àwọ̀ amọ̀, búráùn tó ṣókùnkùn, àti ewé tó ṣókùnkùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí aṣọ ogun kan lójú ìwé yìí tí a kò lè pò látinú wọn.

Ṣé ó di dandan kí n kọ́kọ́ kun ìpìlẹ̀?

Dandan ni. Ọ̀dà kì í mú ike tó dán. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ tó fín práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí i. Eérú dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Funfun ni fún pupa àti yẹ́lò, torí wọn kì í bo ohun tó wà lábẹ́ wọn. Dúdú ni fún ìhámọ́ra irin. Ère onígi yàtọ̀: igi máa ń mu ọ̀dà. Ẹ fi yanrìn bébà tó kúnná họ ọ́, kí ẹ fi fáníìṣì tí ẹ ti pò kó ṣàn dí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ á hàn ní ibì kan, á rì ní ibòmíràn.

Ọyẹ́ dé, ọ̀dà ń gbẹ lórí búrọ́ọ̀ṣì mi. Òjò dé, fáníìṣì mi di funfun. Kí ni ṣíṣe?

Lásìkò ọyẹ́, ẹ tẹ́ tíṣù tútù sínú àwo pẹlẹbẹ, kí ẹ fi bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì bò ó, orí rẹ̀ ni kí ẹ ti máa po ọ̀dà. Ọ̀dà yóò wà ní tútù fún wákàtí púpọ̀. Ẹ máa bo ère náà mọ́lẹ̀ bí ẹ bá dìde, torí eruku ọyẹ́ tó bá bà lé ọ̀dà tútù kò ṣeé nù kúrò mọ́ bí ọ̀dà náà bá gbẹ tán.

Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń há sínú fáníìṣì tí a fín, ìyẹn ló ń di kùrukùru funfun. Ẹ má fín in lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ tàbí lówùúrọ̀ kùtù. Ẹ dúró de ọ̀sán tí oòrùn ti yọ, tàbí kí ẹ lo èyí tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Èyí tí kì í dán ló yẹ aṣọ. Bàtà, ojú àti irin nìkan ni kí ẹ fi èyí tó ń dán díẹ̀ kàn lẹ́yìn náà.

Ṣé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò àtijọ́ fún àwọ̀?

Fún bí aṣọ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni. Fún àwọ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ọ̀pọ̀ fíìmù ayé ìgbà yẹn kì í rí pupa: fìlà pupa á dúdú kirikiri nínú fọ́tò, búlúù á sì mọ́lẹ̀ bíi pé ó ṣí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kun fẹ́ẹ̀sì WAFF ní dúdú. Fọ́tò tí kọ̀ǹpútà wá kun lóde òní kò sàn jù bẹ́ẹ̀, torí àfọwọ́rọ́ ni àwọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà náà ń ranni lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley ní 1924 tó sì wà ní British Museum títí dòní, fi òyìnbó tí wọ́n ru wọ̀lú hàn pẹ̀lú àwọn tó tẹ̀ lé e. Fìlà, ìdúró àti ẹrù wọn ni kí ẹ kọ́ níbẹ̀; ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí tipẹ́. Fún aró àti àlàárì, ẹ lọ bá aláró àti ahunṣọ fúnra wọn, kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún ègé aṣọ kékeré, kí ẹ sì po ọ̀dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo fẹ́ kun sójà mẹ́wàá sí i lóṣù tó ń bọ̀. Báwo ni àwọ̀ wọn á ṣe bá ti àkọ́kọ́ mu?

Ẹ gé páálí funfun, kí ẹ kun ìwọ̀n èékánná kan àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i lórí práímà kan náà, kí ẹ kọ iye ẹ̀kán tí ẹ lò sábẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró kó gbẹ kí ẹ tó fi í wé ère, torí ákírílìkì máa ń ṣókùnkùn sí i bó bá gbẹ. Bí ẹ bá ti po púpọ̀, ẹ da èyí tó kù sínú ìgò òògùn kékeré tó mọ́ láti kẹ́mísì, kí ẹ kán omi méjì sí i, kí ẹ sì dé e pinpin.